Bí a ṣe ń tọpa owó inú prótókọ́ọ̀lù DeFi: ta ni ó ń sanwó, ọ̀dọ̀ ta sì ni owó náà ń lọ?

Láti Kàbbà títí dé Ẹgbẹ̀, ó ti ṣòro báyìí kí ọ̀dọ́ mẹ́wàá jókòó pọ̀ kí a má rí ẹni tí ó ti fi owó kajú, owó oṣù tàbí owó tí ará ilé fi ránṣẹ́ ra krípítò nínú wọn. Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe tì. Wọ́n á rí prótókọ́ọ̀lù DeFi kan, ìyẹn ètò orí blockchain (ìwé àkọsílẹ̀ owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò) tí ó ń yá ènìyàn lówó tàbí tí ó ń bá wọn pààrọ̀ owó láìsí báńkì láàárín; wọ́n á kà á pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ni àwọn ènìyàn ń san níbẹ̀ lóṣù; wọ́n á ra tókìn rẹ̀, ìyẹn krípítò tí prótókọ́ọ̀lù náà tẹ̀ fúnra rẹ̀, kí àwọn náà lè jẹ nínú owó náà; ọdún á sì yípo láìsí kọ́bọ̀ kan tí ó wọlé. Owó tí wọ́n kà nípa rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń lọ.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí owó prótókọ́ọ̀lù ti ń wá, bí wọ́n ṣe ń pín in, àti èyí tí ó lè kan òun nínú rẹ̀, kí ó tó fi owó tirẹ̀ sílẹ̀. N kò kọ ọ́ láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni ra tókìn kan tàbí kí ó má rà á. Mo fẹ́ kí ẹ lè dáhùn ìbéèrè náà fúnra yín, pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò fóònù tí ó ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, dátà díẹ̀, ìwé ìkọ̀wé kan, àti ẹ̀rọ ìṣírò tí ó wà nínú fóònù. Ojú ìwé mẹ́ta ni ẹ óò máa ṣí: DefiLlama, tí kò gba owó tí kò sì ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀, Etherscan, níbi tí a ti ń wo gbogbo owó tí ó ń kọjá lórí Ethereum (blockchain tí ọ̀pọ̀ DeFi wà lórí rẹ̀), àti ìwé àlàyé tí prótókọ́ọ̀lù náà kọ nípa ara rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní “Docs”. Bí ẹ bá wà ní abúlé kan ní Bùnú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kí ẹ sì ya àwòrán wọn sínú fóònù.

Ẹ kíyè sí i: kò sí ibì kankan nínú iṣẹ́ yìí tí ẹ ti nílò láti so wọ́ọ̀lẹ̀tì yín, ìyẹn àpò krípítò yín, pọ̀ mọ́ ohunkóhun. Kò sì sí ibi tí ẹ ti nílò láti tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí 12 tàbí 24 tí ó ń ṣí wọ́ọ̀lẹ̀tì. Bí ojú ìwé kan bá béèrè wọn lọ́wọ́ yín, olè ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹ pa á dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ wá ẹni tí ń sanwó

Ìpele yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun náà sì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Kí ẹ tó béèrè iye tí ẹ óò rí gbà, ẹ béèrè ẹni tí owó náà ń jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Nínú DeFi, àwọn tí ń sanwó kò pọ̀ ní ìran, iṣẹ́ tí prótókọ́ọ̀lù bá sì ń ṣe ni yóò sọ èyí tí wọ́n jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ibi pàṣípààrọ̀ bíi Uniswap, Curve tàbí PancakeSwap, ẹni tí ó wá fi tókìn kan gba òmíràn ni ó ń sanwó. Ní Uniswap v2, ìyẹn ẹ̀yà rẹ̀ kejì, ẹni náà ń san 0.3% iye tí ó pààrọ̀. Ní v3, tí ó jáde ní oṣù Karùn-ún 2021, àpò kọ̀ọ̀kan (ibi tí àwọn ènìyàn kó tókìn méjì sí kí àwọn mìíràn lè máa pààrọ̀ wọn) ní iye tirẹ̀: 0.05%, 0.3% tàbí 1%, wọ́n sì fi 0.01% kún un lẹ́yìn náà fún àwọn tókìn tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra.

Bí ó bá jẹ́ ibi ìyáwó bíi Aave tàbí Compound, ẹni tí ó wá yáwó ni ó ń san èlé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìdógò sílẹ̀, kí iye ìdógò náà sì ju owó tí ó yá lọ. Bí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀ kọjá ààlà, a óò ta nínú ìdógò náà láti san gbèsè rẹ̀, yóò sì tún pàdánù ìtanràn lé e. Èlé náà kì í dúró sójú kan. Bí owó tí wọ́n ti yá jáde bá ṣe ń súnmọ́ gbogbo owó tí ó wà nínú àpò ni èlé ń gòkè, kí àwọn tí ó yáwó lè tètè dá a padà, kí àwọn mìíràn sì lè gbé owó wá.

MakerDAO, tí ó yí orúkọ padà sí Sky ní oṣù Kẹjọ 2024, gba ọ̀nà méjì. Àwọn tí ó fi ìdógò sílẹ̀ láti ṣẹ̀dá DAI (tókìn tí iye rẹ̀ ń tẹ̀lé dọ́là) ń san èlé. Yàtọ̀ sí wọn, prótókọ́ọ̀lù náà ti fi owó ra ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà, tí ó fi jẹ́ pé ìjọba Amẹ́ríkà gan-an wà lára àwọn tí ń san èlé fún un. Ní ti Lido, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ethereum fúnra rẹ̀ ni ó ń sanwó: ETH (owó orí Ethereum) tuntun tí ó ń jáde àti owó tí àwọn tí ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń san ni ó ń wọlé fún àwọn tí ó fi ETH wọn sílẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Ní ti GMX, àwọn tí ń fi owó yíyá dá owó lé bóyá iye tókìn yóò gòkè tàbí yóò wálẹ̀ ni wọ́n ń sanwó, nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá jáde; àwọn tí ó kó owó sínú àpò ibẹ̀ sì ni wọ́n dúró lódìkejì wọn, tí wọ́n ń gba owó tí àwọn tí ń dá owó lé bá pàdánù, tí wọ́n sì ń san èrè fún wọn nígbà tí wọ́n bá jèrè. Ohun tí ó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ tí wọ́n fi ń kó owó sí i.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀: ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń san owó gọbọi tí ẹ kò ní rí ẹni tí ń san án. Anchor, tí ó wà lórí blockchain Terra, ń ṣèlérí èlé tí ó tó nǹkan bí 20% lọ́dún fún ẹni tí ó bá fi UST, tókìn tí wọ́n ní iye rẹ̀ yóò máa tẹ̀lé dọ́là, pamọ́ síbẹ̀. Èlé tí àwọn tí ó yáwó ń san kò tó láti gbé e. Owó inú àpò ìfipamọ́ ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà, débi pé ní oṣù Kejì 2022 wọ́n ní láti da mílíọ̀nù 450 UST mìíràn sínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni UST wó lulẹ̀. Ẹni tí ó bá ti béèrè ìbéèrè ìpele yìí ní oṣù Kìíní ọdún náà ì bá ti rí i pé owó àpò kan tí ó ń gbẹ ni wọ́n ń pín.

Ìbéèrè yìí kan náà ni ì bá gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ MMM, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá 2016, àti CBEX, tí àwọn tí ó kó owó sí i kò rí owó wọn yọ mọ́ ní oṣù Kẹrin 2025. Kò sí èyí tí ó jẹ́ DeFi nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ DeFi ni irú wọn tuntun yóò máa fi kan ilẹ̀kùn yín.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ gbólóhùn kan sínú ìwé yín, báyìí: “Àwọn báyìí ń san iye báyìí nítorí pé wọ́n ń gba ohun báyìí.” Bí àpẹẹrẹ: “Àwọn tí ó wá yáwó ní Aave ń san èlé nítorí pé wọ́n ń gba owó lò láìta ìdógò wọn.” Bí gbólóhùn náà bá já gaara, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ó bá jẹ́ “àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń san fún àwọn tí ó ti wà níbẹ̀” ni ẹ rí kọ, tàbí tí ẹ kò rí nǹkan kan kọ, ẹ dúró níbẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ ya owó tí àwọn oníbàárà san sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ó kù fún prótókọ́ọ̀lù

Ẹ ṣí DefiLlama, kí ẹ tẹ orúkọ prótókọ́ọ̀lù náà sí ibi ìwákiri. Ẹ óò rí “Fees”, “Revenue” àti, fún àwọn kan, “Holders Revenue”. Ìyàtọ̀ àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìyàrà ní ilé tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan láti ìta ni wọ́n gbé ẹ̀rọ wá síbẹ̀. Bí oníbàárà bá san ₦1,000, tí ₦900 lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, tí ₦100 wọ àpò ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ sì pín ₦40 nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ₦1,000 ni “Fees”, ₦100 ni “Revenue”, ₦40 ni “Holders Revenue”. Ẹni tí ó ra tókìn dà bí ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tí ó kó owó sínú àpò pàṣípààrọ̀ tàbí àpò ìyáwó ni ó dà bí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá. Ipò méjèèjì yàtọ̀ síra, owó tí ó sì ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ wá ṣe ìṣírò pẹ̀lú nọ́ńbà gidi. Ẹnì kan pààrọ̀ $1,000 ní Uniswap v2: $3 ni ó san. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, $3 náà lódindi ni ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó kó owó sínú àpò, tí òdo sì jẹ́ ti ẹni tí ó ní UNI, tókìn Uniswap. Ní ti Lido, bí àwọn tí ó fi ETH sílẹ̀ bá pa ETH 100 ní èrè, ètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí a yọ 10% nínú èrè náà: ETH 90 lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ETH, ETH 5 lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ, ETH 5 wọ àpò ìṣúra ẹgbẹ́. Ní ti Aave, tókìn kọ̀ọ̀kan ní ìdá tí prótókọ́ọ̀lù ń yọ nínú èlé, èyí tí ojú ìwé náà ń pè ní “Reserve factor”. Bí ó bá jẹ́ 10% ni ti tókìn kan, tí àwọn tí ó yáwó sì san $1,000 ní èlé, $900 lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó fi owó sílẹ̀, $100 wọ àpò ìṣúra.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀: àwọn tí ń polówó tókìn máa ń gbé “Fees” síwájú nítorí òun ni ó tóbi jù. Ohun kejì ni pé wọ́n máa ń mú owó oṣù kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀ kí wọ́n lè pè é ní owó ọdún. Oṣù tí iye tókìn ń fò sókè sódò ni àwọn ènìyàn máa ń pààrọ̀ jù lọ, nítorí náà oṣù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ fa àwòrán tí ó wà lójú ìwé náà sẹ́yìn, kí ẹ wo ọdún kan gbáko.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ fún oṣù 12 tí ó kọjá: gbogbo owó tí àwọn oníbàárà san, èyí tí ó kù fún prótókọ́ọ̀lù, àti èyí tí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní tókìn. Èkejì kò gbọ́dọ̀ ju èkíní lọ, ẹ̀kẹta kò sì yẹ kí ó ju èkejì lọ. Bí èyí kan nínú wọn bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti ka àkọlé kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ padà lọ wò ó.

Ìpele 3: Ẹ yọ ẹ̀bùn tókìn kúrò

Láti oṣù Kẹfà 2020, nígbà tí Compound bẹ̀rẹ̀ sí í pín COMP, tókìn rẹ̀, fún gbogbo ẹni tí ó bá yáwó tàbí tí ó fi owó sílẹ̀, ọ̀pọ̀ prótókọ́ọ̀lù ni ó ti ń tẹ tókìn tiwọn fún àwọn ènìyàn kí wọ́n lè wá. Ìnáwó ni èyí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ dọ́là ni ó ń jáde.

Àbúrò kan gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní Kàbbà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, 38% lọ́dún.” Mo ní kí ó tẹ nọ́ńbà náà. Àpótí kékeré kan ṣí lábẹ́ rẹ̀: “Base APY” 2.1%, “Reward APY” 35.9% (APY ni èlé ọdún kan). Ìlà àkọ́kọ́ ni owó tí ó ti ọwọ́ àwọn oníbàárà wá. Ìlà kejì jẹ́ tókìn tí wọ́n ń tẹ̀, tí iye rẹ̀ yóò sì máa wálẹ̀ bí gbogbo ẹni tí ó gbà á bá ṣe ń tà á. Ó wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Nígbà náà, 2.1 ni wọ́n ń san.” Ìyẹn gan-an ni. Ibi tí ẹ bá ti rí àpótí bẹ́ẹ̀, lórí DefiLlama tàbí lójú ìwé prótókọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ṣe ìṣírò yín.

Ẹni tí ó ní tókìn ni ó ń ru ẹrù ẹ̀bùn yìí. Bí tókìn mílíọ̀nù 100 bá wà níta, tí ẹ ní 1,000 nínú rẹ̀, 0.001% ni ìpín yín. Bí wọ́n bá tẹ mílíọ̀nù 10 mìíràn láàárín ọdún, 1,000 yín kò dín, ṣùgbọ́n ìpín yín ti di nǹkan bí 0.00091%. Fún ọ̀pọ̀ prótókọ́ọ̀lù, DefiLlama ń fi “Incentives” hàn, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú “Revenue” láti fi “Earnings” hàn. Bí prótókọ́ọ̀lù kan bá pa $200,000 lóṣù, tí ó sì pín tókìn $500,000 láàárín oṣù náà, àdánù $300,000 ni, ohunkóhun tí àwọn tí ń polówó rẹ̀ ìbáà sọ.

Àyẹ̀wò: ẹ fi gègé fa ìlà sórí gbogbo ohun tí ó jẹ́ ẹ̀bùn tókìn nínú ìṣírò yín. Bí iye tí ó kù bá ṣì wù yín, ìṣírò náà lè dúró.

Ìpele 4: Ẹ wá ilẹ̀kùn tí owó náà ń gbà dé ọwọ́ ẹni tí ó ní tókìn

Níní tókìn prótókọ́ọ̀lù kò túmọ̀ sí pé ẹ ní ìpín nínú owó rẹ̀ bí ẹni tí ó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ tókìn kò fúnni ní ohun mìíràn ju ẹ̀tọ́ láti dìbò. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tí owó ń gbà jáde, kí ẹ sì mọ ipò tí ẹ gbọ́dọ̀ wà kí ó tó kàn yín.

Ọ̀nà kan ni pínpín ní tààrà. Ní Curve, ètò tí ó ti wà fún ìgbà pípẹ́ ni pé kí ìdajì owó pàṣípààrọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ti CRV (tókìn Curve) wọn mọ́lẹ̀, kí ìdajì kejì sì jẹ́ ti àwọn tí ó kó owó sínú àpò. CRV tí ó kàn wà nínú wọ́ọ̀lẹ̀tì kò gba nǹkan kan. Ẹ gbọ́dọ̀ tì í fún àkókò kan, èyí tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ: ẹni tí ó ti CRV kan fún ọdún mẹ́rin gba agbára veCRV kan, ẹni tí ó tì í fún ọdún kan gba ìdá mẹ́rin rẹ̀. Kò sì sí bí ẹ ṣe lè ṣí i kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. SushiSwap, ní ètò rẹ̀ àkọ́kọ́, ya 0.05% sọ́tọ̀ nínú 0.3% tí oníbàárà san, fún àwọn tí ó fi SUSHI sílẹ̀ sínú xSUSHI, tí 0.25% sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó kó owó sínú àpò. GMX, ní ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́, fún àwọn tí ó fi GMX sílẹ̀ ní 30%, ó sì fi 70% fún àwọn tí ó ni owó inú àpò.

Ọ̀nà mìíràn ni kí prótókọ́ọ̀lù fi owó tí ó pa ra tókìn tirẹ̀ lọ́jà. MakerDAO lo ọ̀nà yìí fún ìgbà pípẹ́: nígbà tí owó inú àpò àfikún bá kọjá ààlà tí wọ́n fi sí i, wọ́n á fi èyí tí ó lé ra MKR, wọ́n á sì sun ún, ìyẹn ni pé wọ́n á pa á rẹ́ títí láé. Aave ṣe é lọ́nà tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn tí ó ní AAVE fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi $1,000,000 ra AAVE lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n inú àpò ìṣúra ni AAVE náà ń lọ, wọn kì í sun ún. Nínú méjèèjì, ẹ kò ní rí owó kankan kí ó wọlé sí wọ́ọ̀lẹ̀tì yín. Ohun tí ẹ ń retí ni pé kí iye tókìn gòkè, ìyẹn kò sì dá ẹnikẹ́ni lójú.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí owó náà dúró sínú àpò ìṣúra, bí 5% ti Lido, kí àwọn tí ó ní tókìn kàn máa dìbò lórí bí wọn yóò ṣe ná an.

Ọ̀nà tí ó kù ni kí owó náà lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó kọ ètò náà, láìkan ẹni tí ó ní tókìn rárá. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Uniswap Labs fi owó iṣẹ́ 0.15% lé àwọn pàṣípààrọ̀ kan tí a bá ṣe lójú ìwé tirẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ni ó sì ń gba owó yìí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìròyìn náà, wọ́n rò pé UNI ti bẹ̀rẹ̀ sí í pawó. Kò rí bẹ́ẹ̀. UNI ti wà láti oṣù Kẹsàn-án 2020, àyè ti wà nínú ètò v2 láti ìbẹ̀rẹ̀ fún kí a yọ 0.05% nínú 0.3% náà fún prótókọ́ọ̀lù, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ṣí i títí di òpin 2025. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn tí ó ní UNI dìbò pé kí wọ́n ṣí i, kí owó náà sì máa fa sísun UNI, pẹ̀lú mílíọ̀nù 100 UNI tí wọ́n sun láti inú àpò ìṣúra. Láti ìgbà náà, nínú $3 tí a ṣírò ní ìpele 2, $2.50 ni ó kù fún àwọn tí ó kó owó sínú àpò. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa: ibi tí ẹni tí ó ní tókìn ti rí nǹkan gbà ni wọ́n ti gé e lára ẹni tí ó gbé owó wá.

Ní tèmi, mo gbà pé ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ó rọrùn jù láti ṣàyẹ̀wò, nítorí owó tí a pín hàn lórí blockchain, a sì lè kà á. Ṣùgbọ́n títi owó mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kì í ṣe ohun tí mo lè gba ẹni tí ó ń retí owó ilé ìwé ọmọ ní oṣù Kẹsàn-án ní ìmọ̀ràn rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ parí gbólóhùn yìí láti inú ìwé àlàyé prótókọ́ọ̀lù náà, kì í ṣe láti ẹnu ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp: “Bí mo bá ní tókìn yìí, tí mo sì ṣe báyìí pẹ̀lú rẹ̀, ohun báyìí ni yóò wọlé fún mi, nípasẹ̀ ọ̀nà báyìí.” Bí ìdáhùn bá jẹ́ “ẹ̀tọ́ láti dìbò nìkan”, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan bò ó.

Ìpele 5: Ẹ fi ojú ara yín rí owó náà

Láti inú ìwé àlàyé, ẹ da adírẹ́sì àpò ìṣúra tàbí ti ètò tí ń pín owó kọ, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìwákiri Etherscan. Bí prótókọ́ọ̀lù náà bá wà lórí Arbitrum tàbí Base (àwọn blockchain mìíràn tí a so mọ́ Ethereum), ojú ìwé tí ó jọ ọ́ wà fún àwọn náà, Arbiscan àti Basescan. Lókè ojú ìwé, ẹ óò rí iye ETH tí ó wà níbẹ̀ àti “Token Holdings”. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí àkójọ tókìn lè ṣí sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ẹ tẹ “Token Transfers”: ìlà kọ̀ọ̀kan ni owó kan tí ó wọlé tàbí tí ó jáde, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ẹni tí ó fi ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á, àti iye rẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ wò. Ǹjẹ́ owó tí wọ́n sọ pé àwọn ń pín ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń jáde ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lóòótọ́? Irú owó wo sì ni ó wà nínú àpò ìṣúra? Bí ẹ bá rí i pé tókìn prótókọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni ó kún inú àpò náà, ẹ má ka gbogbo iye rẹ̀ sí owó, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á láti sanwó òṣìṣẹ́ ni iye rẹ̀ yóò já. USDC (tókìn mìíràn tí iye rẹ̀ ń tẹ̀lé dọ́là), DAI àti ETH inú rẹ̀ ni kí ẹ kà.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀: ẹ má ṣe da adírẹ́sì kọ láti inú àkójọ “Token Transfers”. Àwọn olè máa ń ṣẹ̀dá adírẹ́sì tí lẹ́tà rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bá ti gidi mu, wọ́n á sì fi owó òdo ránṣẹ́ kí adírẹ́sì wọn lè hàn nínú àkójọ náà. Ẹni tí ó bá wo orí àti ìdí nìkan yóò da ti olè kọ. Inú ìwé àlàyé nìkan ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ sì fi lẹ́tà àárín wé ara wọn.

Àyẹ̀wò: ẹ mú owó pínpín mẹ́ta tí ó wáyé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, kí ẹ kọ ọjọ́ àti iye wọn sílẹ̀. Kí àròpọ̀ wọn súnmọ́ ohun tí DefiLlama sọ fún àkókò náà. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá pọ̀, ẹ ka àlàyé “Methodology” lójú ìwé DefiLlama láti mọ ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn.

Ìpele 6: Ẹ ṣírò èyí tí yóò dé ọwọ́ yín

Ẹ jẹ́ kí a lo $100. Bí ẹ bá fi USDC $100 sí ibi ìyáwó tí ó ń san 4% lọ́dún, $4 ni, bí èlé kò bá yí padà. Owó tí ẹ óò san fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí ẹ bá ń fi sí i àti nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́ lè jẹ gbogbo $4 náà tán lórí Ethereum fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Lórí Arbitrum tàbí Base, owó náà kéré púpọ̀. Ẹ fi owó tí ẹ pàdánù nígbà tí ẹ fi náírà ra USDC àti nígbà tí ẹ óò tún tà á kún un.

Ti àpò pàṣípààrọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó USDC $50 àti ETH $50 sínú àpò kan ní Uniswap v2. Bí iye ETH bá di ìlọ́po méjì, àpò náà yóò ti máa ta ETH yín díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń gòkè, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí $141.42 ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ká ní ẹ jẹ́ kí owó náà jókòó sínú wọ́ọ̀lẹ̀tì ni, $150 ni ì bá jẹ́. Àdánù náà súnmọ́ 5.7%. Nítorí náà, bí owó iṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́dún náà kò bá tó $8.58, iṣẹ́ tí ẹ ṣe kò mú nǹkan wá ju kí ẹ jókòó lọ. Bí iye ETH bá já wálẹ̀ sí ìdajì, ìdá àdánù náà kò yàtọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ iye tí ẹ óò rí gbà, kí ẹ yọ owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, owó pàṣípààrọ̀ náírà àti àdánù àpò kúrò. Bí iye tí ó kù kò bá tó ohun tí yóò mú kí ẹ fara da ewu pé ẹnì kan lè já ètò náà wọ̀ kí ó sì kó owó lọ, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ìpele 7: Ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta

Ọ̀pọ̀ ìdá tí a kà lókè ni ìbò lè yí padà, gẹ́gẹ́ bí ti Uniswap àti Aave ti fi hàn ní 2025. Ìwé tí ẹ kọ lónìí yóò gbó. Ẹ ṣí ojú ìwé ìdìbò prótókọ́ọ̀lù náà ní òpin oṣù mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí, kí ẹ sì tún ìpele 2 sí 4 ṣe. Àwọn ìpele tí ó kù lè dúró bí ìdá kankan kò bá yí padà.

Àyẹ̀wò: ní ojú ewé kan ṣoṣo nínú ìwé yín, kí a rí ẹni tí ń sanwó, nọ́ńbà mẹ́ta ti oṣù 12, iye tí ó kù lẹ́yìn ẹ̀bùn tókìn, ọ̀nà tí owó ń gbà jáde, ọjọ́ owó pínpín mẹ́ta tí ẹ fi ojú rí, iye tí yóò dé ọwọ́ yín nínú $100, àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Bí ìlà kan bá ṣófo, ẹ má tíì fi owó sí i.